Eré Ìje Abẹ́ Òrùlé àti Pípadà sí Ìdánrawò: Ìbéèrè Àwọn Sárésáré Èkìtì àti Òbí Wọn

Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ìyá kan ní Ìkẹ́rẹ́ rí fídíò ọmọ rẹ̀ tó ń sáré nínú gbọ̀ngàn ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́ mọ ìdí tí ìje náà fi parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé kan ní Ọ̀yẹ́ fẹ́ mọ ohun tó yẹ kóun máa ṣe lẹ́yìn íńtáhàùsì. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá, mo sì kó àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó máa ń tẹ̀lé ìje ìkẹyìn, torí ibẹ̀ ni iṣan àwọn ọmọ ti ń já.

Kí ni wọ́n ń pè ní eré abẹ́ òrùlé gan-an?

Ìdíje eré sísá tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn ńlá ni, láti nǹkan bí Disẹ́ḿbà títí di Máàṣì, nígbà tí òtútù àti yìnyín kò jẹ́ kí ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lè sáré níta. Pápá tí a mọ̀ níta jẹ́ 400 mítà ní àyípo kan; ti abẹ́ òrùlé jẹ́ 200 mítà. Nítorí pé kọ́nà rẹ̀ há, wọ́n máa ń gbé apá òde rẹ̀ ga, kí eré má baà gbé èèyàn sọ síta. Àárín ni ọ̀nà tààrà tí wọ́n fi ń sá 60 mítà wà. Tìmùtìmù ńlá sì máa ń wà lára ògiri lẹ́yìn ìlà òpin, torí kò sí àyè tó pọ̀ láti dẹwọ́ eré.

Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ nínú gbọ̀ngàn, nítorí náà wọn kì í wọn afẹ́fẹ́ fún eré 60 mítà bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n fún 100 mítà níta. Àsìkò tí o bá sá, tìrẹ ni. Bí ẹ bá sì rí "short track" nínú ìròyìn báyìí, ẹ má jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú, eré yìí kan náà ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 60 mítà, tí kì í ṣe 100?

Gbọ̀ngàn ò gba 100 mítà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú 60 mítà náà dáadáa, torí ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin tó mọ eré sá jù láyé máa ń dé góńgó eré wọn láàárín 50 sí 70 mítà. Ìyẹn ni pé 60 mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí eré tó dé góńgó. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ju pé kí o dìde kúrò lórí búlọ́ọ̀kù (ohun tí sárésáré ń fi ẹsẹ̀ tì láti gbéra), kí o sì máa yára sí i ní gbogbo ìgbésẹ̀. Ní 100 mítà, ẹni tó pẹ́ dìde ṣì lè fi 40 mítà ìkẹyìn lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá. Ní 60, kí ó tó ronú àtilé wọn, tìmùtìmù ti dé.

Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fi fóònù ká ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa dá fídíò náà dúró díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá ń kúrò lórí búlọ́ọ̀kù, ara gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ láti gìgísẹ̀ dé àtàrí, kó sì dà síwájú. Ẹsẹ̀ tó máa kọ́kọ́ balẹ̀ kò gbọdọ̀ nà lọ síwájú láti lọ mú ilẹ̀. Ẹ̀yìn ìbàdí ni kó ti balẹ̀, kó ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ni pé bí ìbọn bá ti dún, orí á ti gòkè láti wo ìlà òpin. Bí orí bá gòkè, àyà á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ níwájú ara, eré náà á sì ti kú ní 20 mítà. Ẹ wo ilẹ̀ fún ìgbésẹ̀ bíi mélòó kan, kí orí máa bá ara gòkè díẹ̀díẹ̀.

Níbi ìdíje ńlá, ẹ̀rọ máa ń wà lára búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá gbéra kí 0.100 ìṣẹ́jú-àáyá tó pé lẹ́yìn ìbọn, wọ́n gbà pé kò dúró gbọ́ ìbọn, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò.

Kí ẹ lè mọ ibi tí eré náà ga dé: Christian Coleman ọmọ Amẹ́ríkà ló ni àkọsílẹ̀ ayé àwọn ọkùnrin, ìṣẹ́jú-àáyá 6.34, ní Albuquerque lọ́dún 2018. Ti àwọn obìnrin, 6.92, ti wà lọ́wọ́ Irina Privalova ará Rọ́ṣíà láti 1993. Murielle Ahouré ọmọ Ivory Coast sá 6.97 ní Birmingham lọ́dún 2018, ó sì fi gba wúrà àgbáyé.

Ọmọ Nàìjíríà ti gba wúrà níbẹ̀ rí?

Ó ti gbà á. Olusoji Fasuba gba wúrà 60 mítà ní ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé ní Valencia, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, lọ́dún 2008, pẹ̀lú 6.51. Òun náà ló sá 100 mítà ní 9.85 ní Doha lọ́dún 2006. Ṣáájú rẹ̀, Sunday Bada ti gba wúrà 400 mítà ní Paris lọ́dún 1997 pẹ̀lú 45.51.

Àwa ará Èkìtì kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá ìṣeré wa ní Adó. Níta gbangba ni Olúyẹmí Káyọ̀dé ti gba tirẹ̀: òun, Chidi Imoh, Olapade Adeniken àti Davidson Ezinwa ló sá 4x100 mítà ní 37.98 tí Nàìjíríà fi gba fàdákà ní Òlíńpíìkì Barcelona 1992. Ìjàm̀bá ọkọ̀ gbẹ̀mí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé 30. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọ inú pápá yẹn lójoojúmọ́ ni kò mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ máa sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn.

Ṣé eré abẹ́ òrùlé wúlò fún ẹni tó ń lépa 100 mítà níta?

Ó wúlò fún ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Julien Alfred, ọmọ erékùṣù Saint Lucia, gba wúrà 60 mítà ní Glasgow ní Máàṣì 2024 pẹ̀lú 6.98. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó gba wúrà 100 mítà ní Òlíńpíìkì Paris pẹ̀lú 10.72, àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Noah Lyles ọmọ Amẹ́ríkà náà gba fàdákà 60 mítà ní Glasgow yẹn. Gbogbo ayé mọ̀ pé dídìde kúrò lórí búlọ́ọ̀kù kọ́ ni agbára rẹ̀ wà. Síbẹ̀ ó lọ dojú kọ ohun tó ṣòro fún un, ó sì gba 100 mítà Òlíńpíìkì lọ́dún kan náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Àwọn àgbà sárésáré kan máa ń fo sáà náà pátá, kí wọ́n lè gbáradì láìsí ìdíwọ́. Ọmọ tí iṣan rẹ̀ ń dùn ún láti Disẹ́ḿbà kò ní ohun tó ń wá ní ìdíje Fẹ́búárì.

200 mítà àti 400 mítà ńkọ́?

Àyípo kan péré ni 200 mítà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní ìlà inú, kọ́nà rẹ̀ há ju ti ẹni tó wà lóde lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje àgbáyé abẹ́ òrùlé lẹ́yìn 2004. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ṣì ń sá a. 400 mítà jẹ́ àyípo méjì: lẹ́yìn kọ́nà méjì àkọ́kọ́, gbogbo wọn á ya wọlé sí ìlà inú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló máa ń ṣòro láti kọjá.

Kò sí gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì. Kí la lè ṣe?

A ní sáà kúkúrú tiwa. Íńtáhàùsì máa ń bọ́ sí tọ́ọ̀mù kejì, láàárín Jánúárì sí Máàṣì, ìgbà kan náà tí àwọn ti òkè òkun wà nínú gbọ̀ngàn. Ohun tó ń bà wá jẹ́ ni pé ọmọ kan náà ni wọ́n á ní kó sá 100, 200, 400 àti ìje ọ̀pá (relay) lọ́jọ́ kan, láìjẹ́ pé ó dánra wò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, torí pé ilé Pupa gbọ́dọ̀ borí ilé Àwọ̀ Ewé. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, mo bẹ̀ yín, eré méjì àti ìje ọ̀pá kan tó fún ọmọ kan lóòjọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe sáà 60 mítà tirẹ̀, kó wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó fi téèpù wọn 60 mítà, kó sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn òpin, kí ó má baà dúró lójijì. Búlọ́ọ̀kù ò gbọdọ̀ dí yín lọ́wọ́. Káfíńtà lè gé igi méjì ní dídà, kó kàn wọ́n mọ́ pákó gígùn kan, kí ẹ sì fi irin méjì gún un mọ́lẹ̀ kó má baà yọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún wa ní Adó ti gba ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀, kò sì tíì yẹ̀. Aago ọwọ́ máa ń yára dá ènìyàn lọ́lá, torí náà ẹ fi bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.24 kún un kẹ́ ẹ tó fi wé àsìkò tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀.

Bàtà oníṣòó wo ni kí n rà?

Èyí tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu. Ìṣó mílímítà 6 ni ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn gbà, nítorí náà kí ẹni tó ń rìnrìn àjò béèrè kó tó lọ. Má fi bàtà oníṣòó sáré lórí títì láéláé.

Ọmọ mi ń bọ̀ wálé fún Kérésì, ìje rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì. Kí la máa ṣe?

Ẹ kú oríire o. Kóòṣì rẹ̀ lọ́hùn-ún á ti kọ iṣẹ́ tí yóò máa ṣe fún un; ẹ bi í léèrè ìwé náà, kẹ́ ẹ sì bá a tẹ̀ lé e. Kó má sá eré tó le ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ òfúrufú, torí ara á ti le, oorun á sì ti dàrú. Àárọ̀ kùtù ni kó máa dánra wò kí oòrùn àti eruku tó dìde. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kó wá bá àwọn ọmọ àdúgbò sá eré ìdárayá lórí títì kí gbogbo èèyàn lè rí i. Mo mọ̀ pé inú yín dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbóná ara, tó wọ sálúbàtà, tó wá fẹ́ gbá ọmọ àdúgbò mẹ́wàá sílẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, ilé ìwòsàn ló ń lọ.

Ikọ́ máa ń bá mi jà lẹ́yìn eré. Ṣé àìsàn ni?

Afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngàn máa ń gbẹ, ti ọyẹ́ náà gbẹ, ó sì ní eruku. Bí èèyàn bá ń mí lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun á gbẹ, á sì fún. Ikọ́ tó bá lọ láàárín wákàtí díẹ̀ kò yẹ kó dẹ́rù bà ọ́. Fi aṣọ bo imú nígbà tí o bá ń gbóná ara, máa mu omi. Bí àyà bá ń ké híhíhí tàbí tó ń fún ọ, lọ rí dókítà. Òfin ìdíje gbà kí èèyàn máa fa salbutamol (oògùn tó ń la ọ̀nà èémí) sínú láti ẹnu bí kò bá kọjá ìwọ̀n. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé eléré ni ọ́.

Ìje ìkẹyìn ti parí. Ọjọ́ mélòó ni kí n fi sinmi?

Ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá, láìjiyàn. Ẹni tó sá ìje púpọ̀, tàbí tí ibì kan ń dùn, kó fi ṣe mẹ́rìnlá.

Ìsinmi kì í ṣe pé kí o sùn sórí àga títí. Máa rìn, máa gun kẹ̀kẹ́, bá wọn lọ sóko bí ó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí bàtà oníṣòó, kò sí búlọ́ọ̀kù, kò sì sí eré tí wọ́n fi aago wò. Sùn tó wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán. Bí iṣan kan bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti Jánúárì tí o ń fara mọ́ ọn, ìgbà yìí ni kí o gbé e lọ síwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù: ẹ rò pé eré á lọ. Òótọ́ ni pé góńgó eré kì í pẹ́ lára, láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ṣùgbọ́n agbára iṣan àti èémí máa ń dúró tó oṣù kan. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èémí rẹ ṣì wà, agbára rẹ ṣì wà, ara á sọ fún ọ pé o ti ṣetán. Iṣan ẹ̀yìn itan nìkan ni kò sá eré tó le láti ìgbà yẹn. Ó máa ń nà jù nígbà tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ wálẹ̀ láti iwájú, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bí eré bá ti ń le sí i ni ìnira rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ọmọ á dé pápá lọ́jọ́ kìn-ín-ní, inú rẹ̀ á dùn, á ní òun fẹ́ dán ara òun wò, ó di "páá" ní 40 mítà. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ wọn kúrò lórí pápá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, lójú ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó rò pé eré ló ń ṣe.

Báwo ni kí n ṣe padà, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní lẹ́yìn ìsinmi, orí koríko ni kí o wà, pẹ̀lú bàtà lásán. Sá 100 mítà ní ìwọ̀n tí o fi lè máa sọ̀rọ̀ bí o bá parí, rìn padà, ṣe é bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Lọ́jọ́ mìíràn, ṣe iṣẹ́ agbára: jíjókòó-dìde pẹ̀lú ẹrù, gígun àpótí, ikùn àti ẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ̀rẹ̀ òkè (mo sọ ti òkè nísàlẹ̀). Ọ̀sẹ̀ kẹta, fi eré tààrà 30 mítà kún un, kó má tíì dé góńgó, kí o sì sinmi dáadáa láàárín wọn: ìṣẹ́jú kan fún mítà mẹ́wàá tí o bá sá. Ọmọ tó sinmi ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn 30 mítà kò kọ́ eré, ó kọ́ rírẹ̀. Agbára tí iṣan ń lò fún eré kúkúrú máa ń tán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó sì ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó padà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé àṣà wa ni pé kóòṣì tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá dùbúlẹ̀ sílẹ̀, a ní kò ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni bàtà oníṣòó padà, ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni búlọ́ọ̀kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni eré kọ́nà àti èyí tó gùn, 120 tàbí 150 mítà, torí pé níta, 60 mítà kò tó mọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, fi èyí kún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: kúnlẹ̀, kí ẹnì kan di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ mú mọ́lẹ̀ ṣinṣin, jẹ́ kí ara rẹ máa wálẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, láti orúnkún dé orí lórí ìlà kan, títí o kò fi ní lè di ara rẹ mú mọ́, kí o sì fi ọwọ́ gba ara. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré lákọ̀ọ́kọ́, torí ìrora ọjọ́ kejì rẹ̀ kò kéré. Kò sí iṣẹ́ kan tí mo mọ̀ tó ń dáàbò bo iṣan ẹ̀yìn itan tó èyí.

Èkìtì kún fún òkè. Èwo ló dára fún eré?

Èyí tí kò ga jù. Òkè tó rọra gòkè máa ń fipá mú ara dà síwájú, ẹsẹ̀ á balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí, eré kò sì ní le débi tí iṣan ẹ̀yìn itan á fi nà jù. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé òun la fi ń padà kí a tó sá ilẹ̀ títẹ́. Òkè bí ti Olóṣùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tàbí àwọn ibi tó dà gbáà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, dára fún gígun, kò dára fún eré: ọmọ á máa fi orí ìka ẹsẹ̀ lásán gùn ún, iṣan gìgísẹ̀ ló sì máa sanwó rẹ̀.

30 sí 40 mítà tó, mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí o rìn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sáré sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, kí ilẹ̀ ti mọ́ kẹ́ ẹ tó jáde, kí ẹnì kan dúró máa wo ọ̀kadà.

Iṣan ẹ̀yìn itan mi ti já. Màmá mi fẹ́ fi ìpara gbígbóná wọ́ ọ.

Bá mi kí màmá, kí o sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró ná. Ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, wíwọ́, ooru àti nínà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i nínú. Fi aṣọ yí yìnyín, gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fi báńdéèjì dì í, kí o sì máa rìn bí kò bá dùn ọ́. Bí o bá gbọ́ tó dún páá, bí ó bá di dúdú, tàbí tí o kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí ní Ìdó-Èkìtì, kí o sì béèrè fún àwọn physio (àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé). Kì í ṣe ọjọ́ tí ìrora lọ lo máa padà sí eré. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ní agbára dọ́gba, tí o sì ti sá eré tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀ láìsí ìfura kankan, nígbà yẹn ni.

Ṣé kí n fi iyán sílẹ̀ bí n kò bá sáré?

Rárá o. Iyán ń fún iṣan lágbára tí yóò fi ṣiṣẹ́. Kàn jẹ ẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú ìdánrawò, kí o sì dín òkèlè kù nígbà ìsinmi. Ohun tó ń wọ́n nínú àwo àwọn ọmọ wa ni ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, ọ̀lẹ̀ àti wàrà. Sárésáré nílò nǹkan bí 1.6 gíráàmù purotéènì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, iyán àti ọbẹ̀ tí ẹja rẹ̀ kò ju ìka lọ kò sì lè fún un.

Fún àwọn tó ń gba ààwẹ̀: ẹ ṣe eré kúkúrú ní bí wákàtí kan ṣáájú ìṣínu, ẹ fi iṣẹ́ agbára sí ẹ̀yìn oúnjẹ, ẹ sì máa mu omi títí di sààrì. Ẹ má sá eré gígùn lọ́sàn-án gangan.

Nǹkan oṣù ọmọbìnrin mi dúró láti ìgbà tó ti ń dánra wò.

Ẹ má ṣe gbà pé eré ló ń fà á, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ lẹ́rán. Ó sábà máa ń jẹ́ pé oúnjẹ tó ń jẹ kò tó iṣẹ́ tó ń ṣe, èyí sì lè sọ egungun rẹ̀ di ẹlẹgẹ́. Bí ó bá tó oṣù mẹ́ta, ẹ mú un lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ sì dín iṣẹ́ rẹ̀ kù.

Kẹ́mísìtì fún mi ní oògùn ìrora. Ṣé mo lè lò ó?

Kọ́kọ́ béèrè orúkọ rẹ̀. Tramadol ti wọ inú àwọn oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ nígbà ìdíje láti Jánúárì 2024. Dexamethasone àti prednisolone, tí àwọn kan ń pò mọ́ oògùn fún ìrora tàbí kí èèyàn lè sanra, wà nínú èèwọ̀ nígbà ìdíje náà. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine lè kó bá ọ bí ó bá pọ̀ lára. Oògùn tí wọ́n wé sínú ọ̀rá láìsí orúkọ, má gbé e mì. Àgbo náà, n kò bú àwọn bàbá wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà fún ọ, ìwọ ni wọn yóò sì bi. Òfin kò wo ẹni tó fún ọ. Ohun tí wọ́n bá bá lára rẹ ni wọ́n ń wò.

Ọmọ mi sá dáadáa nínú gbọ̀ngàn, àmọ́ àsìkò rẹ̀ níta ní Épírì kò dára. Ṣé ó ti sú u ni?

Kò dájú. Ìdíje àṣekágbá abẹ́ òrùlé fún àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń wáyé ní Máàṣì, ìje níta sì ti ń bẹ̀rẹ̀ kí oṣù náà tó parí, nígbà tó jẹ́ pé àṣekágbá níta di Júùnù. Àwọn ọmọ náà kì í rí ìsinmi gidi. Kóòṣì tó gbọ́n á jẹ́ kí wọ́n fi ìje Épírì ṣe ìdánrawò, iṣẹ́ tó le á ṣì wà nínú ẹsẹ̀ wọn. Ẹ má fi fóònù bi í lójoojúmọ́ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń jẹun, bóyá ibì kan ń dùn ún.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti lè padà sí ìdíje?

Wo ohun mẹ́ta. Ṣé o ti ṣe bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà láìfo iṣẹ́ nítorí ìrora? Ṣé o ti wọ bàtà oníṣòó sá eré tó dé góńgó, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ara sì dá ṣáṣá lọ́jọ́ kejì? Ṣé àsìkò 30 mítà rẹ láti orí búlọ́ọ̀kù ti padà sí ibi tó wà kí sáà tó parí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi orúkọ sílẹ̀ fún ìje kan ṣoṣo, 100 mítà, má fi ìje ọ̀pá kún un lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ rárá, fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Ìdíje àṣàyàn ti orílẹ̀-èdè sábà máa ń jẹ́ Júùnù tàbí Júláì, àyè ṣì wà.